Kọ́tìnnì Tó Wà Lẹ́yìn Wọn

Látìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti kú, n kì í kánjú relé mọ́, bí mo ṣe dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ nìyẹn lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò ní Lawrenceville, ní Amẹ́ríkà níbí. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ tiwọn.

"Mommy, ẹ wò ó. Mo ya abà àtijọ́ kan ní Dacula. Yìnyín wà lórí páànù rẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ."

"Ibi tí màlúù gan-an ò ní gbà láti sùn! Ìyẹn lo torí ẹ̀ jí láago márùn-ún nínú òtútù?"

"It's beautiful. Wọ́n máa tó wó o, wọ́n fẹ́ kọ́ townhouse."

"Kí wọ́n yáa wó o! Èmi náà ni mo ní kí wọ́n wó ilé amọ̀ bàbá mi, a sì ti kọ́ èyí tó ní táìlì."

"Ilé amọ̀ yẹn, ṣé mo lè rí i?"

Ìyá na fọ́tò àtijọ́ tó fẹ́ tún tẹ̀ sí i. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́fà, kọ́tìnnì olódòdó lẹ́yìn wọn.

"Ilé ọ̀hún dà?"

"Ó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Bàbá mi ló fi bò ó, kí ògiri má baà dójú tì wá."

"Kò sí òmíràn?"

"Ta ló máa ń ya ilé amọ̀?"

Ìyá náà fi àtàǹpàkò nu fọ́tò náà, ó tún un nù.

"Kọ̀ǹpútà tó o fi ń tún fọ́tò ṣe yẹn," ó ní, "ṣé kò lè bá mi ká kọ́tìnnì yìí kúrò?"