Ọmọ Tí Màmá Yàn

Olè kẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá? Kí ni mo jí? Ẹ ti tú báàgì mi, ẹ sì ti rí i pé òfìfo ni. Alágbàfọ̀ ni mí, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ aṣọ ìdílé olówó yẹn, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ wọ́n, mo mọ ẹni tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí, mo mọ ẹni tí ọtí ń dà sí láyà.

Mo fẹ́ràn wọn ni. Ó ti pọ̀ jù, mo gbà. Ọmọbìnrin wọn kó lọ sí ìlú mìíràn, ọdún mẹ́fà kò yọjú, wọ́n ní kí n máa fọ aṣọ tó fi sílẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo ń fọ̀ ọ́. Mo kàn máa ń wọ̀ ọ́ wò ná.

Ibi tí mo ti wọ̀ ọ́ ni mo ti gba iwájú yàrá Màmá, ìyá tó bí i, kọjá. Ojú Màmá ti di bàìbàì. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti dé?" Ṣé kí n ní rárá ni? Mo ní, "Ẹ kú ilé, Màmá." Bí mo ṣe di ọmọ nìyẹn, láti ọdún méjì sẹ́yìn. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo ń kàwé fún un. Ẹ̀rín ọmọ yẹn, inú fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Mo kọ́ ìrìn rẹ̀ náà. Ìyẹn ò yẹ, mo mọ̀.

Àfi bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe já wọlé lọ́sàn-án òní, tòun ti àpótí, ó bá mi nínú búláòsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ta nìyí?" Èmi náà ní, "Ta nìyí?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀gá, mo jẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sáré dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kí Màmá fi ọmọ rẹ̀ hàn. Màmá fọwọ́ pa ojú ọmọ yẹn, ó fọwọ́ pa tèmi, ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ sin àlejò yẹn jáde."

Ni wọ́n bá pè yín. Wọ́n ní mo tan arúgbó jẹ. Ta ló tan ta? Ẹ gbọ́, n ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dágbére fún un, ó fa etí mi mọ́ra, ó ní, "Alágbàfọ̀, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ ọ́. Èyí tí mo bí kì í jókòó tì mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo parọ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo wọ aṣọ aláṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ Màmá mọ́ tèmi, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ẹ lọ mú òun náà wá, kí ẹ tì wá mọ́lé pọ̀. Kí ẹ rọra gbé e o, apá òsì ń dùn ún.