Fáìlì Ṣọ́jà Kan Ni Mo Fi Ba Orúkọ Ṣọ́jà Mìíràn Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ohun tí mo ṣe kò kú. Ó tún jáde lọ́dún yìí, ó sì tún fẹ́ ba ẹnì kan náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Igbógílà ni mí. Mi ò ní dárúkọ gidi fún yín. Ọmọkùnrin tí mo ṣẹ̀, Ṣẹ́gun ni mo máa pè é. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Bùnmi ni mo máa pè é. Ọwọ́ mi ti tú àṣírí tó, mi ò fẹ́ tú òmíràn kún un.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà kan tó jìnnà sí ilé ni mo ti ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi kì í ṣe ṣọ́jà. Yàrá fáìlì ni mo wà. Ṣọ́jà tó bá wá gba ìtọ́jú, àwa la máa ń wá fáìlì rẹ̀ jáde fún dókítà, tí a ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wọ iṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé pé ohun tí mo bá rí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni, mi ò ní sọ ọ́ síta. Ọ̀gá wa nígbà náà, màmá àgbàlagbà kan, tún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ohun tó wà nínú fáìlì, ara ẹni tó ni ín ni. Ẹni tó bá mú un jáde, ara ènìyàn ló tú sí ìhòòhò lójú ọjà." Mo ní mo gbọ́, mà. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bàbá Bùnmi, ń gbé ní Aiyétòrò. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Ó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó gba oko lọ, kí èmi lè ka tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi èyí gbèjà ara mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí ó fi ṣòro fún mi láti sọ fún un pé rárá.

Bùnmi ń ṣe tíṣà ní Ìlaró nígbà náà. Ṣẹ́gun, ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn, ń fẹ́ ẹ. Ṣọ́jà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun lókè Ọya dé, ilé ìwòsàn wa ló sì ti gba ìtọ́jú. Àwọn òbí ti dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun yìí ni. Wọ́n ní àwọn tó lọ jagun yẹn, ẹlòmíràn kì í bọ̀ bó ṣe lọ. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Bá wa wò ó."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í jẹ́ ká ṣí fáìlì tí dókítà ò bá béèrè."

"Ta ní kí o ṣí i lójú wọn? Ṣé Bùnmi kì í ṣe ọmọ tìrẹ náà ni?"

Mo ní màá wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo wá orúkọ Ṣẹ́gun. Mo rí i, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n pé pérépéré. Mo fa fáìlì náà yọ. Mi ò wo nọ́ńbà ṣọ́jà tó wà lókè rẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé nọ́ńbà ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ. Ṣùgbọ́n ìkánjú olè ni mo fi ṣe é.

Ohun tí mo kà bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Wọ́n ní kì í sùn, wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni wọ́n gbà á sí. Mo ya ojú ìwé kan ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí Wásáàpù. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ kà á, ẹ pa á rẹ́."

Kò pa á rẹ́. Ó fi han ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àbúrò tirẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé Ọjà-Ọ̀dàn. Wọ́n fagi lé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ náà. Bùnmi sunkún, ó ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu Ṣẹ́gun. Wọ́n ní kí ló tún fẹ́ gbọ́, nígbà tí ìwé dókítà ti sọ̀rọ̀.

Bàbá Ṣẹ́gun gun ọ̀kadà wá sí Aiyétòrò láti béèrè ohun tí ọmọ òun ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Wọ́n na fóònù sí bàbá náà, ṣùgbọ́n kò mọ òyìnbó kà. Wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí títí wọ́n fi parí. Ó wá ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n tọ́jú fún un." Wọ́n káàánú rẹ̀. Wọ́n ní bàbá ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ ni. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí dókítà kan tó béèrè fáìlì kan lọ́wọ́ wa, fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́sẹ̀. Ó kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà. Orúkọ Ṣẹ́gun ni. Mo lọ síbi tí mo ti fa tàkọ́kọ́ yọ. Fáìlì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ṣí èkejì. Adírẹ́sì ilé bàbá rẹ̀ ní Ọjà-Ọ̀dàn ló wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ wọn ló dojú dé ní ojú ogun, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Ìwé tí mo fi ránṣẹ́, ti ẹlòmíràn ni.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tóbi jù lọ. Ti àkọ́kọ́, mo lè sọ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Èyí kò ní àṣìṣe kankan nínú. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì tẹ́. Mo sọ fún ara mi pé Ṣẹ́gun á rí ìyàwó mìíràn.

Ẹsẹ̀ yẹn ló mú kí Ṣẹ́gun fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ó padà sílé, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́. Bùnmi fẹ́ ọkùnrin kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Mo máa ń gbọ́ ìròyìn Ṣẹ́gun bí mo bá wálé. Bó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbọ́ ohùn. Bó bá gbé àdá lọ sóko, àwọn ìyá á pe ọmọ wọn wọlé. Èmi á dorí kodò, màá bá wọn ní ó mà ṣe o.

Lọ́dún yìí, àwọn ará Ọjà-Ọ̀dàn fẹ́ yan olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà oko, nítorí àwọn ajínigbé. Àwọn kan dárúkọ Ṣẹ́gun, torí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀. Ni ẹnì kan bá gbé fọ́tò yẹn jáde. Ó ní, "Ṣé wèrè la fẹ́ kó ìbọn fún ni?" Fọ́tò náà ń kiri. Ó dé ọ̀dọ̀ mi láti inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa.

Mo ṣí i. Odidi ojú ìwé náà ni, nọ́ńbà ṣọ́jà ṣì wà lókè rẹ̀. Àtàǹpàkò mi wà létí rẹ̀, pẹ̀lú àpá iná tó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń bá ìyá mi yan gàrí. Ìyá tó fi ránṣẹ́ kọ ọ́ pé ká máa gbàdúrà fún ìlú. Mi ò lè gbé fóònù náà sílẹ̀, mi ò sì lè wò ó. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Aiyétòrò. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó ti sùn, má jí i."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sùn. Orí fóònù mi ló wà."

Ó ní kí n ro ti orúkọ ìdílé wa. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ gbogbo ohun tó ṣe fún mi láyé, mo sì sọ fún un pé màá lọ. Kò sin mi jáde.

Ṣẹ́gun wà níwájú ilé, ó ń tún ọkọ́ ṣe, nígbà tí mo dé Ọjà-Ọ̀dàn. Ó kí mi, ó gbé àga fún mi. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ ohun tí mo ṣe. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó wọlé, ó mú ìwé tí àwọn ológun fún un nígbà tó kúrò níṣẹ́ jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù mi. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà méjèèjì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Gígé ni wọ́n gé orí fọ́tò tí wọ́n fi hàn mí. Mi ò rí nọ́ńbà yìí rí." Ó wá ní, "Màmá, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òótọ́ ni. Bóyá wọ́n tọ́jú mi nígbà kan tí mi ò rántí mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí n má sunkún, òun kò ì tí ì parí.

Ó ní, "Bàbá mi nìkan ló ń sọ pé ẹsẹ̀ ni. Ó ti kú. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òótọ́ ló ń sọ."

Mo dojú bolẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí. Kò ní òun dárí jì mí. Ohun tó béèrè ni pé, "Ẹni tó ni ìwé yẹn ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ ti wá bẹ èmi, torí pé irọ́ ni tèmi. Òun ńkọ́, tó jẹ́ òótọ́ ni tirẹ̀?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi yan olórí ẹ̀ṣọ́ náà, mo jẹ́wọ́. Ṣẹ́gun fi nọ́ńbà méjèèjì hàn wọ́n. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, àwọn kan ń wolẹ̀. Àgbàlagbà kan ní kí Ọlọ́run gba ọpẹ́ pé kì í ṣe Ṣẹ́gun ló ya wèrè. Ṣẹ́gun ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn yẹn, ojú ogun kan náà la jọ lọ." Wọ́n fi ipò náà lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó ní òun á rò ó.

Bùnmi pè mí láti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ó ní, "Àǹtí, mo gbọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí."

Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo fọwọ́ sí i. Ìyà tí wọ́n bá fi jẹ mí, mo ti múra tán. Bí fọ́tò náà bá wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹ bá fẹ́ fi sọ pé irọ́ ni.

Ohun tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọkùnrin kejì yẹn kò mọ̀ mí. Kò mọ̀ pé ọdún méje ni àwọn tí kò rí i rí ti ń ka àìsàn rẹ̀ kiri ní ilẹ̀ Yewa. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Mo mọ ẹni tó lè bá mi wá adírẹ́sì rẹ̀ nínú fáìlì, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì náà fún mi mọ́. Mo lè bẹ ilé ìwòsàn pé kí àwọn fúnra wọn wá a, kí wọ́n sọ fún un. Mo sì lè jẹ́ kó wà ní àlàáfíà tó bá wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣàìsàn tí ẹ kò fẹ́ kí ayé gbọ́, ẹ̀yin ni mo ń bi. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó fẹ́ mọ̀?