Bí Tàófíìkì Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Kí Mi ní Yopougon

Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí ẹ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti jókòó lé ọ̀rọ̀ kan, ìdí mi ò gbà á mọ́. Bí mo bá súre fún Àkànbí àti Ooreolúwa ọmọ mi láìsọ ọ́, irọ́ ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé wọn. Bọ́ǹbù kọ́ ló pa Tàófíìkì, bàbá Àkànbí. Èmi tí mo gbé ìròyìn bọ́ǹbù wálé, mo mọ ẹni tó pa á.

Ìyá Tàófíìkì, ẹ jókòó, ẹ má dìde. Ẹ̀yin lẹ fa Tàófíìkì, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, lé mi lọ́wọ́ ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Côte d'Ivoire. Ẹ ní, 'Jeremiah, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ìwọ nìyá, ìwọ ni bàbá.' Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. A dé Bouaké, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta páàtì mọ́tò, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ibẹ̀ ni ogun ti kọ́kọ́ bá wa, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. A jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, sọ́jà ti dojú ìbọn kọ sọ́jà, kò sì pẹ́ tí orílẹ̀-èdè náà fi pín sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Ìbọn bà mí nítan lọ́jọ́ tí à ń sá. Tàófíìkì ló pọ̀n mí sẹ́yìn, tó ń sáré bí ọta ṣe ń fò lórí wa, títí a fi rí ọkọ̀. Ẹ bá mi rántí èyí, torí èmi gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí.

A wá lọ tẹ̀dó sí Yopougon, ní Abidjan. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹni méjì ló ní òun wọlé, ni ogun bá tún dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 àwọn ọmọ ogun àríwá ya wálẹ̀ bí àgbàrá. Duékoué bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Yamoussoukro tẹ̀lé e, nígbà tí oṣù náà fi máa parí wọ́n ti wọ Abidjan. Ilé ń mì. Òkú ń wú lójú títì, ajá ń fà wọ́n. Àwọn gìrìpá àdúgbò wa tí wọ́n wà lẹ́yìn ìjọba wá to táyà àti àwókù fíríìjì dí ọ̀nà, wọ́n ń wá ẹnikẹ́ni tó bá jọ ará àríwá. Orúkọ Mùsùlùmí lè pa ọ́. Kí o jẹ́ àlejò lásán lè pa ọ́.

Èmi bá gbọ́n, ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo so àgbélébùú mọ́rùn, mo ní Jérémie lorúkọ mi, pé ọmọ ìlú wọn ni ìyá tó bí mi. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Kòmáńdò, gbà mí gbọ́, ó ní kí n máa bá àwọn dá èèyàn dúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò délé. Wọ́n fi àdá ṣá ọkùnrin kan lójú mi torí pé kò lè pe orúkọ abúlé ìyá rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo bi í. Mo ń sọ fún ara mi pé títí ogun á fi kọjá ni, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ mọ ìgbà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mo rí Tàófíìkì lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un pé àwọn gìrìpá náà mú mi, ló bá ra àtíẹ̀kẹ́ sínú ọ̀rá, ó ń gbé oúnjẹ bọ̀ wá fún mi. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó padà. Kò yé e. Ayọ̀ pé mo wà láàyè ti gbà á lọ́kàn. Ìyá, ẹ kọ́ ọmọ yín o. Ó bọ́ sálúbàtà, ó na gbalaja sórí ọ̀dà níwájú mi. 'Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ewu o!' Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ kí ara wọn, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn, wọ́n na ìbọn sí i. Kòmáńdò yíjú sí mi. 'Jérémie, kí lèyí ń ṣe?'

Ó yẹ kí n kàn sọ pé bí àwa ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti pe 'àwa', èmi náà ti di àlejò. Mo ní, 'Il prie.' Ó ń kírun. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo sọ ìkíni ọmọlúàbí di ẹ̀sùn ikú.

Kòmáńdò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wò mí títí, ó fa irin tí àwọn fọganáísà fi ń bọ́ táyà lé mi lọ́wọ́, ó ní, 'Ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀.' Mo là á mọ́ Tàófíìkì léjìká. Kò sá. Ó rọra sọ̀rọ̀ ní èdè wa, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Mo mọ̀ pé ẹ kàn ń fi tàn wọ́n ni.' Ó gbà pé mo fẹ́ yọ òun ni! Mo tún là á, eegun apá rẹ̀ dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orí ni. Ó gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú kan, mo sì rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, Àkànbí ńkọ́?' Mo là á títí irin fi ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé táyà lé e, wọ́n da pẹtiróòlù sí i. Ó ṣì ń mí. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: kò sẹ́ni tó ní kí n ṣá ìṣáná. Èmi fúnra mi ni mo ṣá a, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá yè, yóò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bu àtíẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Mo padà wálé, mo ní bọ́ǹbù ni. Ìyá, ẹ gbórí lé mi láyà, ẹ sunkún, ẹ ní Ọlọ́run á san án fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́ Àkànbí, mo rò pé ìtọ́jú á fọ ẹ̀jẹ̀. Kò fọ̀ ọ́. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún mi níbí lónìí, ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀ ni mo rí.

Ìyá, ẹ má tíì dárí jì mí. Àwọn èèyàn ń wò yín, ẹ lè sọ ohun tí kò dé inú yín. Ẹ kọ́kọ́ sunkún ọmọ yín bó ṣe kú gan-an. Tó bá wá di ọjọ́ kan tí etí yín gba orúkọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ rántí mi sí rere. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ń lọ láti ibí. Ooreolúwa, fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ọmọ mi. Àkànbí, Ooreolúwa kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Tó o bá ṣì fẹ́ ẹ, kí Caleb àbúrò mi fà á lé ọ lọ́wọ́. Tó ò bá fẹ́ ẹ mọ́, èmi ni mo ba tiẹ̀ jẹ́, ìwọ kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣépè fún ẹ̀yà mìíràn lórí fóònù, tí ẹ ní kí ogun máa bọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ogun ò ní kọ́kọ́ ní kí o pààyàn. Yóò kọ́kọ́ na ìka sí ẹnì kan, yóò ní, 'Ta nìyí?' Ẹ yáa ní, 'Èèyàn mi ni.' Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, irin ni wọn yóò fà lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sì gbà á.