Jáàkì Tí Kò Ní Ilà

Alága ìjókòó yìí, tí a fi àṣẹ ilé yìí lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ sì tún wá jókòó sórí àga líle nítorí mi. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin aya àti ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ti ń bá wa fọ aṣọ gíríìsì láti ọjọ́ yìí. Àti ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ìṣe rẹ: mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí alága sọ nípa mi. Wọ́n ní odidi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ra irinṣẹ́ àti ẹ̀yà mọ́tò fún iléeṣẹ́ yìí, tí n kò sì ra gbàrọgùdù rí. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo sì rí àpótí tí ẹ fi bébà aláwọ̀ ewé dì sórí tábìlì yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ tẹnu mi tán, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó gbé e fún mi.

Nígbà tí mo dé ibí, bọ́ọ̀sì wa ti gbó ju àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ. Agbára wa kò ká ohun olówó ńlá. Ohun tó bá wọ́pọ̀ ní òpópónà àwọn oníṣòwò irin la máa ń rà, tòkunbọ̀ àti tuntun tó pọ̀ ju tòkunbọ̀ lọ ní àbùkù. Ìyá kan ló ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ nígbà náà. Ìyá Sítọ́ọ̀ là ń pè wọ́n. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ló mú mi lọ sí òpópónà yẹn, tí wọ́n sì kọ́ mi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá fún ọ̀wọ́n tí wọ́n fi ń sáré kó sọ́wọ́ ẹ̀tàn. Wọ́n ní kí n gbé bíárìn méjì tó rí bákan náà, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ti òsì, kí n dijú, kí n jẹ́ kí ọwọ́ sọ èyí tí irin inú rẹ̀ pé. Wọ́n ní kí n yí i létí, kí n gbọ́ bóyá ó ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ róbà, kí n wò ó bóyá ilà funfun yọ níbi tó ti tẹ̀. Bó bá yọ, kí n dá a padà. Wọ́n ní kí n pa ẹnu púláyà dé, kí n gbé e síwájú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín eyín rẹ̀ kọjá, kí n kí olówó rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Wọ́n ní, "Páálí kì í ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Ohun tó wà nínú páálí ló ń ṣiṣẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Má dúnàádúrà kí o tó yẹ ọjà wò. Bí wọ́n bá ti gbà fún ọ tán, ojú á máa tì ọ́ láti rí àbùkù ara rẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ìyá Sítọ́ọ̀ náà ló dá ilà sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá rà wọlé, yóò fi fáìlì tí a fi ń fá irin gé ilà tirẹ̀ sí i lára, kí a lè mọ ẹni tí a ó bi bí ó bá dalẹ̀. Ilà kan ni tiwọn, ilà méjì ni tèmi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ tí mẹkáníìkì bá mú sípánà, tí yóò pariwo pé, "Ọmọ ta nìyí?" Tí wọ́n á dáhùn pé, "Ọmọ Ọwọ́-Òṣùwọ̀n ni!" Tí onítọ̀hún á ní, "Hẹn ẹn, ọmọ ilé rere." Orúkọ tí ẹ fún mi nìyẹn, nítorí àtẹ́lẹwọ́ tí mo fi ń wọn irin. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ ọ́n sí bàbá tó ń ṣí géètì. Ẹ kò mọ̀ pé kò tíì sí mẹkáníìkì tó tó o nínú ọgbà yìí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pè é. Bó bá fún bóòtù tán, yóò gbé sípánà kalẹ̀, yóò nu ọwọ́, yóò tún gbé e, yóò tún dán an wò. Awakọ̀ á máa pòòyì yí bọ́ọ̀sì ká. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé mọ́tò lò ń tún ṣe ni, àbí ò ń wẹ ọmọ tuntun?" Òun á dáhùn lábẹ́ bọ́ọ̀sì, "Ọmọ tuntun ni. Ìwọ lo sì máa gbé e. Mi ò fẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì tó bá sì tún ṣe kì í padà wá lọ́sẹ̀ náà.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn jáàkì wa kú. Mo lọ sí òpópónà. Oníṣòwò kan tó mọ̀ mí dáadáa gbé jáàkì pupa kan jáde. Ó ní, "Ọ̀gá Ọwọ́-Òṣùwọ̀n, ẹ̀yin kọ́ ni mo máa ta gbàrọgùdù fún." Mo ní, "Èló nìparí ẹ̀?" Ó ní, "Ẹ sọ tẹnu yín." Mo sọ ohun kan tí mo mọ̀ pé ó kéré, bí ẹni ń ṣàwàdà. Ó ní, "Ó yá, ẹ máa gbé e lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà tí olówó rẹ̀ yára jọ̀wọ́, ṣé kò yẹ kí a béèrè ohun tó ń lé e? N kò béèrè. Àwọn tó dúró nítòsí ti ń pariwo pé, "Háà, bàbá yìí mọ ọjà í rà!" Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó fi ìka ra ìdí òpó jáàkì náà. Ọ́ìlì wà níbẹ̀, ó kéré, kò ju ohun tí èékánná lè gbé lọ. Oníṣòwò ní, "Èyí tó kù látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ni." Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé síìlì rẹ̀, róbà tó ń di ọ́ìlì mú nínú rẹ̀, ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti gbé e kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Sítọ́ọ̀ ti wí gan-an. Mo nu ìka mọ́ ṣòkòtò. Mo gbé e wálé. Mo gé ilà méjì sí i, ẹ sì yìn mí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi jáàkì yẹn gbé iwájú bọ́ọ̀sì kan. Gbogbo yín mọ òfin wa: bí jáàkì bá ti gbé mọ́tò tán, ti irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Irin ìdúró náà ló ń tì sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí jáàkì sọ̀kalẹ̀. Mo wà nítòsí ju gbogbo èèyàn lọ. Mo rí i. Irin ìdúró náà wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì bà lé e. Òfin tó ń pa mọ́ ló gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Àwọn tó sáré dé bi mí pé, "Ṣé ó ti fi irin ìdúró sábẹ́ ẹ̀?" Mo ní, "Kò tíì fi sí i." Òótọ́ ni, àbí kì í ṣe òótọ́? Òótọ́ tí a gé ìdajì rẹ̀ sọnù, kò sí irọ́ tó burú tó o.

Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò dé láti oríléeṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé jáàkì wá. Mo gbé jáàkì àtijọ́ kan fún wọn, pupa bíi ti tuntun, èyí tó ní ilà kan, tí Ìyá Sítọ́ọ̀ rà kí wọ́n tó kú. Wọ́n fi gbé bọ́ọ̀sì, ó dúró gbagidi. Bí mo ṣe fi ọmọ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí èké nìyẹn. Mo wá gbé ọmọ tèmi lọ sẹ́yìn táyà nínú sítọ́ọ̀, mo fi fáìlì pa ilà méjèèjì rẹ́, mo fá a títí ojú rẹ̀ fi dán. Nínú yín, kò sí ẹni tó béèrè. Ta ló máa bi Ọwọ́-Òṣùwọ̀n léèrè ọ̀rọ̀ jáàkì?

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá pé: "Òṣìṣẹ́ yìí kánjú." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n kọ ìkánjú mọ́! Nítorí gbólóhùn yẹn, ipò olórí mẹkáníìkì tó kàn án bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́nu géètì.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ó ní, "Jáàkì yẹn ńkọ́? Ó rọra sọ̀kalẹ̀ ni o. Mi ò tú u sílẹ̀." Mo ní, "Sinmi ná, jàre." Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ọwọ́ òsì ṣí géètì fún mi láràárọ̀, tó ń sọ pé, "Ọwọ́-Òṣùwọ̀n, ṣé dáadáa lo jí?" Èmi náà á ní dáadáa ni. N kò jí dáadáa rí, ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó mi kú láìmọ ìdí tí n kì í fi lè jókòó gba afẹ́fẹ́ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Bóyá ǹ bá gbé àṣírí yìí lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ń yẹ sítọ́ọ̀ wò. Ó wọ́ jáàkì náà jáde láti ẹ̀yìn táyà. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ta nìyí?" Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Gbogbo irin inú yàrá yìí ló ní ilà. Èyí nìkan lorí ẹ̀ ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó wá fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹni tó fá èyí mọ fáìlì í lò o." Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Ọmọ yẹn mọ ohun tí irin ń wí. Ẹ ti rí ẹni tó sàn jù mí lọ.

Ìwọ ọmọbìnrin mi, gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Kò sí ohun tó burú nínú ọjà pọ́ọ́kú. Ra òòlù pọ́ọ́kú, bí ọrùn rẹ̀ kò bá mì. Ra àrọ tí a fi ń da ọ́ìlì, ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ra aṣọ tí a fi ń nu gíláàsì mọ́tò níbi tó bá ti rọjú. Bó bá bàjẹ́, owó díẹ̀ ni yóò kàn ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé mọ́tò dúró lórí èèyàn, àti ohun tó ń dá mọ́tò dúró níwájú èèyàn, má ṣe wá ẹ̀dínwó níbẹ̀. Bí o bá sì ti rà á, tí o wá rí ọ́ìlì ní ìdí rẹ̀, gbé e kalẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òpópónà kì í gé ìka.

Alága, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí sílẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìjàǹbá náà, kí ẹ sì pa gbólóhùn yẹn rẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì ní òpin ọdún. Ohun tí òfin bá ní kí ẹ ṣe fún mi, ẹ ṣe é. Àpótí yẹn, ẹ gbé e padà. Ẹ má sì gbé e fún òun náà. Ẹ̀bùn tí a fẹ́ fún mi kò lè di ìka fún un.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, n kò ní sọ pé kí o dárí jì mí níbí. Níwájú èrò, kò rọrùn kí èèyàn sọ pé rárá, mo sì ti fi èrò rẹ́ ọ jẹ rí. Dákẹ́ bí ó bá wù ọ́. Máa lọ sílé bí ó bá wù ọ́. Bí o bá rí mi lójú ọ̀nà lọ́la tí o kò kí mi, n ó mọ̀ pé o jí dáadáa.

Nǹkan tó wà nínú àpò tí mo gbé wá síbí nìyí: jáàkì náà ni. Ó wúwo, ọwọ́ mi kò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wo orí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo fi fáìlì gé ilà méjì padà sí i, níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bi mí bí ẹ ti máa ń bi ara yín. Ẹ kò lè bi mí? Ó dáa, n ó bi ara mi. Ọmọ ta nìyí?

Ọmọ mi ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ohun tí ẹ bá gbé sókè má sọ̀kalẹ̀ lé yín lórí. Kí ẹni tó ń ra irin fún yín má fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ju ọwọ́ yín lọ. Ìka mẹ́wàá lẹ fi wọ ọgbà yìí. Ìka mẹ́wàá ni kí ẹ fi jáde. Ẹ ṣé o.