Àjẹ̀ Tí Kò Ní Àmì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mi ò fẹ́ kí àwọn tó ń sá edé lóde gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àjẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Àjẹ̀ lásán tí a fi ń wa ọkọ̀ ni o, kì í ṣe nǹkan abàmì, igi rẹ̀ kò tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń pa ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún, nítorí bàbá rẹ̀ ní kò ní fẹ́ ọkùnrin tó wù ú. Wọ́n ń bú ẹnì kan lórí ọ̀rọ̀ yìí láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni náà kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìbéèrè. Bí ọkọ̀ bá kọjá lódò wa, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ibi tó ń lọ, àti ohun tó dì sínú agbọ̀n. Bí ikùn ẹja bá wú, mo gbọ́dọ̀ là á kí n mọ ohun tó gbé mì. Ọkọ mi a máa pè mí ní Ìyá Kí-ló-dé, gbogbo abúlé sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Inú kì í bí mi. Ṣé ẹni tí kò béèrè yóò mọ̀ ni? Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n béèrè láyé mi, òun ni mo yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Dókítà kan ṣoṣo ni ìjọba òyìnbó fún gbogbo etí omi wa nígbà náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń gbé e wá sí èbúté kan ní apá Mahin, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì, nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta. Kò sì lè pẹ́. Omi tó bá kún ló máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé, bí omi bá sì ti ń fà, ó gbọ́dọ̀ máa lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á jókòó sínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ìgbà tí omi bá fi kún ni ìwọ̀n ìgbà tó fi ń wo aláìsàn. Láti Etikan ni àwọn ènìyàn ti ń wá, láti Mahintedo, láti inú odò kéékèèké tí mi ò mọ orúkọ wọn, èmi tí mo fẹ́ràn láti máa mọ orúkọ. Àwọn mìíràn á ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ti dé, olúkúlùkù á rì àjẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ etí èbúté, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, á sì lọ wá ibòji jókòó. Àjẹ̀ náà ló ń dúró fún un. Bí dókítà bá dé, dìrẹ́sà tó ń bá a wẹ egbò á máa fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú, á gbé e sókè, á ní, "Ta ló ni èyí?" Ẹni tó ni ín á dìde. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, ó parí nìyẹn. Ẹni tí àjẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹrẹ̀, kó fà á tu, kó fi wa ara rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Gbogbo ìdílé lọ́dọ̀ wa ló ní àmì tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sí ara àjẹ̀. Tiwa ní Etikan, nílé bàbá mi, ó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Bí o bá rí àjẹ̀ tó léfòó lójú omi tó sì ní àmì, o gbọ́dọ̀ dá a padà, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní àmì, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè, kò sì sẹ́ni tó máa pè ọ́ lólè. Bẹ́ẹ̀ la bá a, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe é.

Ọmọkùnrin mi kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ọ̀tún wú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣepin, ó pọ́n, nígbà tó yá, ẹyin ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí funfun. Mo fọ̀ ọ́, mo kán gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n kán sí i. Nígbà tó tún ran ojú kejì, ẹ̀rù bà mí gidi. Mo gbọ́ pé dókítà ń bọ̀, mo sì wa ọkọ̀ láti ìdájí. Nígbà tí mo dé èbúté, oòrùn ti yọ, omi ti ń kún, àjẹ̀ sì ti tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo kà wọ́n. Tèmi ló ṣe ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bí dókítà bá sì wo ogún ènìyàn kí omi tó fà, a ó ní ó gbìyànjú lọ́jọ́ náà.

Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àjẹ̀ náà, mo ń wo àmì wọn bí ìṣe mi, ti ta nìyí, ti ta nìyẹn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìkẹrin, mo dúró. Tuntun ni. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí àmì kankan. Ọkàn mi ní, èyí tí kò ní àmì, kò sẹ́ni tó ni ín. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ṣé àjẹ̀ léfòó wá rì ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni? Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló fi síbẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fà á tu, mo rì tèmi síbẹ̀, mo sì gbé e lọ sí ààyè tèmi lẹ́yìn pátápátá. Bí ẹni pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ náà fúyẹ́.

Dìrẹ́sà gbé àjẹ̀ mi sókè ní ìkẹrin, mo dáhùn, mo gbé ọmọ wọlé. Dókítà fi oògùn fọ ojú rẹ̀, ó fún mi ní èyí tí n ó máa kán sí i, ó ní bí mo bá jẹ́ kó tún tó ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ojú méjèèjì ìbá lọ. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo ń wa á lọ. Mo ti jìnnà díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ fèrè. Èmi Ìyá Kí-ló-dé, mi ò bojú wẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ mọ ẹni tó máa wá fa àjẹ̀ náà tu.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ dókítà kò wá títí òjò fi dá. Àárín ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Etikan pé ara ìyá mi kò yá. Kókó kan ló wà ní ọmú rẹ̀, ó ti fi pamọ́ fún gbogbo wa títí ó fi di egbò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi í, pẹ̀lú omi lójú, pé kí ló dé tí wọn kò tọ dókítà lọ. Ìyá mi ní, "Mo lọ. Kò kàn mí." Ó mú ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ọmọ mi tó ń ṣeré lórí ẹní. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Kí ló dé tí mi ò béèrè pé ọjọ́ wo? Ẹ má bi mí, èmi náà ni mo ń bi ara mi. Kí oṣù náà tó parí, ìyá mi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní dìrẹ́sà ló lé ìyá wa, pé nítorí ìyá wa kò mú ẹja dání fún un ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará ilé wa kì í dá ọkùnrin náà lóhùn bó bá kí wọn. Bí ọkọ̀ wọn bá pàdé lódò, ẹ̀gbọ́n mi á kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi náà dá sí i o, mo ní mo ti rí i pé ojú ọkùnrin náà le. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé kí ni òun ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ti darúgbó báyìí, ọmọkùnrin rẹ̀ ló sì wá ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ẹni tó lé ìyá àwọn lẹ́nu ọ̀nà dókítà kò ní gbé ọmọ àwọn níyàwó láéláé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n wá ti òun lẹ́yìn níwájú àwọn àgbà, nítorí èmi ni àgbà obìnrin tó kù nílé wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dé etí Ìyá Rábíù. Obìnrin Mùsùlùmí ni, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, iyọ̀, epo òyìnbó àti ohun èlò ọkọ̀ ló ń tà ní Etikan. Ní ìjẹta, ó ní kí wọ́n wa òun wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé àjẹ̀ yìí dání. Mo béèrè pé kí ló dé, ó ní kí n jókòó. Ó ní òun ti búra fún òkú, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí Ọlọ́run bi òun nípa aláìṣẹ̀. Ó ní òun ni òun yá ìyá mi ní àjẹ̀ náà, nínú èyí tí òun ń tà. Ìyá mi kò fẹ́ gbé tiwa, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹsẹ̀ ẹyẹ lójú ẹrẹ̀ dókítà, àwa ọmọ á ti gbọ́ kó tó di alẹ́. Wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n sì gba ipò kẹrin. Inú ọkọ̀ Ìyá Rábíù ni wọ́n jókòó sí, lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n rí mi bí mo ṣe gúnlẹ̀, ìyá mi sì fi ìborùn bo orí kí n má baà dá a mọ̀.

Ìyá Rábíù ní, "A rí gbogbo ohun tí o ṣe. Mo ti dìde kí n pariwo, ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Jókòó. Nítorí ojú ọmọ ló ṣe wá. Bó bá mọ̀ pé èmi ni, kò ní gbà, ọmọ á sì fọ́jú.'"

Ó ní nígbà tí fèrè dún, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ lọ fa àjẹ̀ náà tu. Ìyá Rábíù ní òun kò tà á láti ìgbà náà, òun kò sì tẹ àmì sí i. Ṣé dókítà ìbá wo ìyá mi sàn? Mo fẹ́ mọ̀, ó ń jẹ mí lọ́kàn bí ebi, ṣùgbọ́n ta ni n ó bi? Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́.

Ní àárọ̀ yìí, ọmọ mi ti odò dé. Géńdé ni báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń tètè rí ẹja lójú omi bíi tirẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ta ló ni èyí?" Mo fa agbọ̀n edé sọ́dọ̀, mo ń ṣà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá Kí-ló-dé mà gbàgbé ẹnu sílé lónìí, ó ní nígbà tí kò ti ní àmì, tiwa nìyẹn, òun á tẹ àmì bàbá òun sí i kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ. Ó ti ki irin bọ iná ní ìdí ààrò tí a fi ń yan ẹja. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ ẹ láti ibi tí mo wà yìí.

Bí mo bá sọ ọ́, mo bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní fẹ́ rí mi sójú mọ́, ọmọ mi á sì mọ ohun tí wọ́n fi ra ojú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á bàjẹ́, dìrẹ́sà á sì kú sínú ẹ̀bi mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọmọ ni tàbí ẹ̀gbọ́n? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ bá mi wí nǹkan kan, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yé, ṣùgbọ́n ẹ ṣe kíá. Irin náà ti ń pọ́n.