Ọjọ́ Tí Imú Mi Kò Gbóòórùn Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń po fúláwà, mo dúpẹ́ pé ẹ bá mi pe Ìyá Ìbejì wá. N kò fẹ́ gbé irọ́ yìí dé iwájú Ẹlẹ́dàá mi. Èmi ni mo gbé àrùn kòrónà wọ ilé mi, kì í ṣe òun.

Gbogbo yín mọ̀ pé imú ni mo fi ń mọ̀ bí búrẹ́dì bá ti jinná, mo sì ń fi imú náà yangàn bí ẹni pé èmi ni mo dá a. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀fun ń dùn mí, ara ń ro mí, mo ń wúkọ́ gbígbẹ. Mo ní òtútù lásán ni. Mo kẹ́yìn sí ààrò, mo ń kọ orin ìyìn, búrẹ́dì sì ń jóná lẹ́yìn mi. Ìyá Ìbejì tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá sáré wọlé, ó ń wúkọ́ nínú èéfín.

“Bàbá Alááàrò, ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?”

“Mo gbọ́. Orin ló gbà mí lọ́kàn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rọra kọ ọ́, kí áńgẹ́lì má baà sọ̀ kalẹ̀ wá bá èédú. Irọ́ ni mo pa fún un. Mo gbé ọṣẹ símú, mo gbé kẹrosíìnì símú, bí omi ni gbogbo rẹ̀ rí. Rédíò ti kìlọ̀ fún wa pé àmì àrùn náà nìyẹn, pé kí ẹni tó bá rí i dá wà ní yàrá tirẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò gba alááàrò tí kò gbóòórùn síṣẹ́? Mo délé, mo jókòó ti ìyá ìyàwó mi bí ìṣe mi, mo ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, mo ń gbàdúrà sí i létí.

Nígbà tí mímí di ogun fún ìyá náà, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wá bóyá ẹnìkan nínú wa ti ń wúkọ́, bóyá imú ẹnìkan ti kú. Ìyàwó mi ń wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù: mo ní Ìyá Ìbejì ń wúkọ́ níbi iṣẹ́ wa. Èéfín búrẹ́dì tó jóná lọ́wọ́ mi ló mú un wúkọ́, mo sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́, wọ́n dá a dúró, àwọn aládùúgbò ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá wa kú. Títí di òní, bí ìyàwó mi bá ń ṣépè fún Ìyá Ìbejì, èmi ni mo ń ṣe àmín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ikọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ara yín bá yàtọ̀, bí adùn bá kúrò lẹ́nu tí imú kò sì gbọ́ mọ́, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó ti ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìbejì, n kò ní kí ẹ tètè dárí jì mí. Ẹ kàn bá mi kálọ sílé, kí n sọ ọ́ fún ìyàwó mi lójú yín.