Ìyá Tó Kúnlẹ̀ Fún Jandáàmù

Ẹ̀yìn mi ni àwọn obìnrin méjì náà jókòó sí nínú takisí tó ń lọ sí Savalou, èyí àgbà ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Oògùn olóró tramadó tí wọ́n bá nínú àpò ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ín. Àmọ́ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá jandáàmù tó mú un, mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ẹ foríjì í, ìwà ọmọdé ló hù.'"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èèyàn máa ń kọ́kọ́ jiyàn kó tó bẹ̀bẹ̀ ni? Ọmọ mi ń wò mí. Kò lè sọ níwájú wọn pé irọ́ ni ìyá òun pa. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti jẹ́wọ́."

"Agbẹjọ́rò ńkọ́?"

"Mo ti rí ọ̀kan. Ó ní kí n tó kúnlẹ̀ ló yẹ kí n ti wá òun. Orúnkún tí mo fi bẹ̀ wọ́n náà ni mo fi ti ọmọ mi mọ́lé."